Oògùn nárun kì í ṣe ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan

"Mo lò ó léṣìí." Èsì tí mo máa ń gbọ́ jù nìyẹn bí a bá gbé Mectizan, oògùn nárun (àìsàn tó ń mú ara yúnni, tó sì lè fọ́ni lójú), dé àwọn abà kòkó tó wà lápá Ọ̀wẹnà. Ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe tó burú tó kéèyàn rò pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ọmọ wẹ́wẹ́ kòkòrò tó ń fa nárun, tí ń rìn lábẹ́ awọ tó sì ń wọ ojú lọ, ni oògùn yìí ń pa. Ìyá wọn kì í kú. Inú kókó tó ń yọ síbàdí tàbí síhà ló máa ń ká jọ sí, ó sì lè lo ọdún 10 sí 15 níbẹ̀. Oògùn kàn ń dá ọmọ bíbí rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fo ọdún kan, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Amùkúrù, eṣinṣin dúdú tí ń yé ẹyin sínú odò tó ń sáré, á wá gbé àwọn ọmọ kòkòrò náà látara yín lọ sára aládùúgbò. Ìdí nìyí tí ẹni tí ara kò yún fi gbọ́dọ̀ lò ó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lò ó, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ojú wú. Ó ní májèlé ni, kò sì gbà á mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ kòkòrò tó ń kú ló fa ìyún náà! Ẹ sọ fún ẹni tó pín in. Bí èémí bá ń le tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n oògùn náà. Ọ̀pá la fi ń wọn gíga: sẹ̀ǹtímítà 90 sí 119, ẹyọ kan, 120 sí 140, méjì, 141 sí 158, mẹ́ta, ẹni tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin. Ọmọ tí kò tó 90, aláboyún, ẹni tó ń ṣàìsàn gidi àti ìyá tó bímọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan kì í lò ó. Ẹ má sì gba ti aláboyún pamọ́ dè é.

Àwa tí ń pín in náà ò mọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la máa dé abà, nígbà tí gbogbo èèyàn ti wà lóko; ilẹ̀kùn títì la ó bá, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé "kò sí nílé". Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ ká lọ. Èyí tó tún ń dùn mí ni pé a máa ń fo àwọn Àgátù àti Ẹ̀gbìrà tí ń bá wa ṣiṣẹ́ kòkó, a ní wọn kì í ṣe ọmọ ìlú. Ṣé amùkúrù mọ ọmọ ìlú ni? Ká tó lè fòpin sí nárun, ó kéré tán èèyàn 80 nínú 100 tó ń gbé ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e mì, lọ́dọọdún. Orílẹ̀-èdè Niger tó múlé tì wá ṣe é: ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé wọ́n ti bọ́.

Ọ̀fẹ́ ni o. Láti 1987 ni Merck, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, ti ń fi tọrẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ sanwó, ẹ má san.