Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn ní títì, ẹ padà lálẹ́

Bí wọ́n bá gbé ìwé wá fún mi pé ọmọ 112 nínú 100 ló gba Penta kẹta, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, mi ò ní pe nọ́ọ̀sì lópùrọ́. Abẹ́rẹ́ tó gún ló kà. Iye ọmọ tí wọ́n fi pín in ló mẹ́hẹ: orí ètò ìkànìyàn 2006 ni wọ́n ṣì ń bù lé, ọmọ àdúgbò kejì sì ń wá gbà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ bi àwọn ìyá léèrè nílé wọn lọ́dún 2016 sí 2017, ọmọ 33 péré nínú 100 ni wọ́n bá tó ti gba ẹ̀kẹta káàkiri Nàìjíríà.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ láti ilé dé ilé láti mọ iye ọmọ tó gbà á, ọmọ oṣù 12 sí 23 ni kí ẹ wá. Ó yẹ kó ti gba Penta ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Láyé ijọ́hun, àdúgbò 30 là ń mú, ọmọ 7 níbì kọ̀ọ̀kan. A ó yí ìgò láàárín ìlú, ibi tó bá kọjú sí la ó gbà. Ẹ jẹ́ ká fi ìgò sílẹ̀ fún ọlọ́tí. Ẹ ka gbogbo ilé, kẹ́ ẹ ṣẹ́ kèké. Ilé tí kèké bá mú, tẹ́ ẹ bá a ní títì, ẹ má yà sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà kì í sí nílé laago mẹ́wàá àárọ̀, òun gan-an sì ni kì í ráyè gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.

Káàdì àjẹsára ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Mo ti da ọjọ́ mẹ́ta kọ láti inú ọ̀kan rí, inú mi ń dùn, àfi bí ìyá ọmọ ṣe ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí wọ́n ní kí n padà wá lẹ kọ yẹn o. Oko la wà nígbà yẹn.” Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ẹ̀kẹta, bírò ni méjì àkọ́kọ́. Mi ò wò ó.

Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ wo àpá BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, ní apá òsì, kẹ́ ẹ wá béèrè iye ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ lọ kí wọ́n gún un nítan. Ẹ má béèrè iye abẹ́rẹ́, torí itan méjèèjì ni wọ́n ń gún lọ́jọ́ kan náà.

Ìṣirò ló kù. Ká ní ọmọ 210 lẹ bá, 105 ní káàdì, Penta kẹta sì wà nínú 84. Àwọn kan á sáré fi 105 pín in, á di 80 nínú 100. Irọ́ ni. Ẹ fi 42 tí ìyá wọn fẹnu sọ kún un, kẹ́ ẹ fi 210 pín in: 60 ni. Kẹ́ ẹ sì kọ ti káàdì àti ti ẹnu ìyá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé yín.