Àpáta Tó Ń Gòkè: Ìrírí Mi Níwájú Omi Olúmirin

Láti ọjọ́ tí mo ti kà nípa Robert Addams ni ọkàn mi ò ti dúró sójú kan. Ní ọdún 1834, ọkùnrin yìí dúró níwájú omi Foyers ní Scotland, ó tẹjú mọ́ omi bó ṣe ń já bọ̀ láti òkè, ó wá gbé ojú kúrò níbẹ̀, ó wo àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ló bá rí i tí àpáta náà ń gòkè. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i, àwa náà sì ní omi tiwa: Olúmirin, ní Erin-Ìjẹ̀ṣà.

Ọjọ́ Sátidé la lọ, èmi àti ọmọ mi obìnrin. Ìpele méje ni omi yẹn ní, àmọ́ ìpele àkọ́kọ́ ti tó fún ohun tí mo wá ṣe. Mo wá ibi tí mo lè jókòó sí tí omi ò ti ní máa ta sí mi lójú. Mo yan òkúta dúdú kékeré kan tó yọrí láàárín omi náà, mo sì tẹjú mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ojú máa ń fẹ́ bá omi sọ̀kalẹ̀ ni, ẹ má gbà fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ojú mi ń tẹ̀ lé omi lọ sísàlẹ̀, ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ò tó nǹkan. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí ọmọ mi fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó ṣe ní "Ó ti tó, mọ́mì!", mo yíjú sí àpáta lọ́wọ́ òsì.

Ó gòkè! Àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ń lọ sókè jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń rọra fa aṣọ sókè. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn ò dé ibì kankan. Ewé tí mo ń wò ò kúrò lẹ́bàá ihò tó wà, síbẹ̀ ó ń lọ. Ó tó nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí àpáta tó padà dúró jẹ́ẹ́.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ti ń wò wá. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé òòyì ló ń kọ́ mi ni."

Mo ní, "Kì í ṣe òòyì, mà. Ẹ ti rí i tí àwọn ọmọdé ń fa okùn, ìhà méjì?" Bí mo ṣe ṣàlàyé fún un nìyí: àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tí ohun tó ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń dáhùn sí, àwọn mìíràn sì ń dáhùn sí ohun tó ń gòkè. Bí a bá ń wo ohun tó dúró, ìhà méjèèjì ń fa okùn lọ́gbọọgba, okùn ò sì rìn. Àmọ́ omi ti fi odindi ìṣẹ́jú kan lo àwọn ti ìsàlẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Àwọn ti òkè ò lágbára sí i o, àwọn èkejì wọn ló dẹwọ́.

Nílé, mo fẹ́ tún un ṣe láìsí omi. Fáànù ni mo kọ́kọ́ lò, àmọ́ eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ńṣe ni àwọn ìlà tí mo yà sí i lára dà rú mọ́ra wọn. Mo bá dojú kẹ̀kẹ́ ọmọ mi dé, mo gé páálí róbótó, mo fi máákà ya ìlà dúdú nípọn-nípọn tó lọ́ láti àárín dé etí bí ìkarahun ìgbín, mo sì so ó mọ́ sípóòkù. Joseph Plateau, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló kọ̀wé nípa irú ìlà yìí ní 1849. Ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Mi ò lè ronú kan ọkùnrin yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Mo rọra ń fọwọ́ yí táyà náà kí ìlà lè máa wọ inú. Ọmọ mi tẹjú mọ́ àárín rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó pariwo: "Mọ́mì, ojú yín ń wú!"

Ìdánwò tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. Mo bo ojú òsì, mo fi ọ̀tún nìkan wo páálí fún ìṣẹ́jú kan. Mo wá di ojú ọ̀tún, mo la òsì tí kò rí nǹkan kan látẹ̀yìn wá, mo sì wo ògiri. Ògiri náà ń wú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé, ó kéré tán, apá kan iṣẹ́ yìí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìròyìn ojú méjèèjì ti pàdé, nínú ọpọlọ.

Mo sọ fún ọmọ mi pé ibì kan wà nínú ọpọlọ, lápá ẹ̀yìn orí, tí wọ́n ń pè ní V5, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ohun tó ń rìn. Ní 1983, Josef Zihl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì kọ̀wé nípa obìnrin kan tí àìsàn ba apá yẹn jẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ó ń rí àwọ̀, ó ń rí ojú èèyàn, àmọ́ kì í rí ìrìn. Mọ́tò á wà lọ́nà jíjìn. Kó tó sọdá, mọ́tò náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá ń da tíì sínú ife, tíì náà á dà bí ohun tó dì bíi yìnyín, kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, torí kò rí i bó ṣe ń kún.

Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀. Ó lọ gbé jọ́ọ̀gì, ó ń rọra da omi sínú ife, ó sì ń wò ó bó ṣe ń gòkè títí tó fi kún dé etí.