Táyà 28 Kì Í Ṣe Táyà 28: Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí N Tó Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Oko Ìrẹsì Kura

Owó táyà mẹ́rin ni mo san kí n tó rí méjì lò. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, òun náà ló mú mi kọ èyí, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì tó ń gbé Kánò bíi tèmi máa ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ onítáyà tínrín, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré lórí títì, á sì kó sí kòtò kan náà. Ìrìn tí mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà rìn kì í ṣe bàbàrà. Láti Sabon Gari, kí n gba títì Zaria dé Kura, kí n wá máa ba etí kánáà, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láti fi bomi rin oko, lọ láàárín oko ìrẹsì títí dé Kadawa, kí n padà sílé. (Nílé, àdúgbò àwọn Hausa là ń pè ní Sábó, níbí, àwa gan-an là ń gbé Sabon Gari.) Àlọ àtàbọ̀, ó ń lọ sí 100 kìlómítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá táyà jà. Ìrìn fúnra rẹ̀ ò gbà ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ.

Kẹ̀kẹ́ náà ò ní àléébù tó pọ̀. Fírémù alumíníọ̀mù, gíà 16, bíréèkì tó ń mú dáadáa. Mo pààrọ̀ ṣéènì, mo fi epo sí i, mo mú ìjókòó bá gígùn ẹsẹ̀ mi mu. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ gbogbo ìyẹn. Táyà tó bá a wá nìkan ló ti sán káàkiri bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Tí ẹ bá tẹ irú táyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ sì rí òwú nínú ibi tó ti sán, ẹ má gùn ún kúrò ládùúgbò.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ta páàtì wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 28 ni. Gbogbo kẹ̀kẹ́ gíga, 28 ni." Mo gbé táyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lójú, wọ́n dọ́gba. Mo ra méjì, mo ra túùbù méjì mọ́ ọn. Nígbà tí mo délé, ẹnu túùbù náà ò gba ihò ríìmù. Mo kà á sí nǹkan kékeré, mo dá túùbù àtijọ́ padà sínú táyà tuntun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ihò yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ó yẹ kí ara ti fu mi. Táyà kẹ̀kẹ́ títì kì í rọrùn láti wọ̀. Àtàǹpàkò á máa ta yín, nígbà míì ẹ ó fi irin pẹlẹbẹ ran ara yín lọ́wọ́ níbi tó kù sí. Èyí wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀, mo tún ń yọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Gééjì dé PSI 20, ó dáa. Ó dé 30, táyà wọ́ sí apá kan. Kó tó dé 40, etí táyà ti gun orí ríìmù kọjá, túùbù yọrí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wú, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, gbàù! Gbogbo ará ilé sáré jáde.

Àlàyé rẹ̀ rèé. 28 tí wọ́n ń pè yẹn, ìwọ̀n àtijọ́ ni, bí gbogbo táyà ṣe ga tó ní íǹṣì ló ń sọ. Kò sọ ibi tí etí táyà ti ń jókòó sórí ríìmù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló ń pinnu bóyá táyà á wọ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ onírin wúwo, tí àwọn àgbẹ̀ ṣì fi ń ru àpò níhìn-ín, 28 x 1½ ni táyà rẹ̀, mìlímítà 635 sì ni ibi ìjókòó rẹ̀ tí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kan la àárín kọjá dé ìkejì. Kẹ̀kẹ́ títì òde òní tí wọ́n ń kọ 700C sí lára, 622 ni tirẹ̀. Mìlímítà 13 péré ló là wọ́n láàárín, ojú lásán ò lè rí i. Àmọ́ tí ẹ bá wọ̀n ọ́n yí ríìmù po, táyà fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 gùn jù. Ààyè tí túùbù mi gbà jáde nìyẹn.

Nọ́ńbà tí ẹ máa wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó kéré, wọn kì í sábà kùn ún, rọ́bà ló kàn yọ sókè, nítorí náà ẹ fi ìka nu eruku kúrò, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà méjì ni, wọ́n fi ìlà kékeré pín wọn. Àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe sanra tó ní mìlímítà, ìkejì ni ibi ìjókòó. 28-622 ni mo fẹ́, 40-635 ni mo rà. Àwọn mìíràn tún wà tó máa dà yín láàmú. Tòkunbọ̀ ayé àtijọ́ láti ìlú Ọba máa ń lo 27 x 1¼, 630 nìyẹn, kò bá 622 tan. 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, 559 ni. Ṣùgbọ́n 29 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè tuntun, 622 ni! Ibi ìjókòó kan náà pẹ̀lú tèmi, sísanra ló yàtọ̀. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ báyìí, òun àti Ọlọ́run ni.

Mo dá a padà sọ́jà, wọ́n ní mo ti fẹ́ ẹ, wọn ò gbà á. Mo rí 35-622 níbòmíràn, ó sì wọ ríìmù dáadáa, àmọ́ kò gba abẹ́ bíréèkì kọjá. Kí ẹ tó ra táyà tó sanra, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti bíréèkì, àti láàárín táyà àti fírémù lẹ́yìn. Mìlímítà 3 sí 4 gbọ́dọ̀ kù, torí òkúta àti ẹrẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ irú tèmi, sísanra mìlímítà 28 ni òpin. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ l'Ékòó ní òun ní 28-622 méjì. Ọgbọ́n ti kọ́ mi: mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà kí n fojú ara mi ka 622 kí n tó fowó ránṣẹ́. Ó wébìlì rẹ̀ láti gáréèjì, ọjọ́ kẹrin ni mo gbà á. Nígbà tí mo ń wọ̀ ọ́, àtàǹpàkò mi bó. Inú mi dùn sí egbò yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ihò. Fáàfù tínrín tí wọ́n ń pè ní Presta ni kẹ̀kẹ́ mi ń lò, ihò rẹ̀ lára ríìmù ò ju mìlímítà 6.5 lọ. Túùbù ọjà, fáàfù rẹ̀ sanra bíi ti ọ̀kadà, ihò 8.5 ló ń fẹ́. Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti pẹ́ nídìí kẹ̀kẹ́ títúnṣe ládùúgbò wa ti gbé dírílì. "Ọmọ mi, ìṣẹ́jú kan ni." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má dá a lu." Ríìmù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ẹ bá fẹ ihò rẹ̀, ẹ ti bù lára ibi tó fi lágbára, ihò tí etí rẹ̀ bá sì rí ṣákaṣàka á gé túùbù nídìí fáàfù, ibi tí kò ṣe é lẹ̀. Ẹ wá túùbù Presta ra, ẹ ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì wò ó kó jẹ́ ti táyà 700 x 25 sí 28.

Bàbá yẹn náà ló tú àpótí rẹ̀ wò, tó mú kinní idẹ kékeré kan jáde, kò tóbi ju èékánná lọ. Òun lẹ máa yí mọ́ orí Presta kí ẹnu páǹpù fọkanáísà lè bá a mu. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì tín-ín-rín tó wà lórí fáàfù, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó ṣe fíì, kí ẹ tó yí idẹ mọ́ ọn. Tí ẹ ò bá tú u, atẹ́gùn ò ní wọlé, fọkanáísà á sì búra pé ẹ̀rọ òun ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ yẹn gan-an lẹ máa ṣọ́ra fún. Táyà tírélà ni wọ́n ṣe é fún. Atẹ́gùn inú táyà tínrín ò ju nǹkan díẹ̀ lọ, kí ẹ tó ní "ó tó", ó ti bẹ́. Páǹpù ọwọ́ ni kí ẹ gbé dání, ẹ̀rọ fọkanáísà di ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà míì. Kìlógíráàmù 78 ni mo wọ̀n. Lórí ọ̀dà, mo fẹ́ tẹ̀yìn dé PSI 80, tiwájú dé 70. Létí kánáà mo dín in sí 65 àti 55.

Ìrìn wá yá. Oṣù kọkànlá ni, òjò ti lọ, ọyẹ́ ti ń yọjú. Mo jáde bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ kí n lè kọjá Na'ibawa, létí ìlú lójú títì Zaria, kí tírélà tó kún ojú títì. Tí tírélà bá kọjá lára yín, atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ tì yín síta, lẹ́yìn náà á fà yín mọ́ra. Ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ má yà sínú iyanrìn etí títì. Kò sóhun míì láti sọ nípa títì yẹn.

Kura lẹ máa fi èéfín mọ̀. Àwọn obìnrin ń bọ ìrẹsì nínú dúrọ́ọ̀mù, èèpo ìrẹsì ni wọ́n fi ń dáná, èyí tí wọ́n ti bọ̀ sì wà lórí tapólì létí ọ̀nà, ó ń gbẹ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín. Lẹ́yìn ìlú ni kánáà wà. Omi ìdídò Tiga ni, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1974. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi náà dé oko, ilẹ̀ ló dà díẹ̀díẹ̀ tí omi fi ń ṣàn fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí etí kánáà fi tẹ́ bí àtẹ́wọ́, tí ẹ lè wà lórí gíà kan náà fún wákàtí kan. Àkùrọ̀ wa nílé ò tó ìdá kan nínú fàdámà yìí. Apá kan, wọ́n ń pa ìrẹsì mọ́ dúrọ́ọ̀mù kó lè gbọn. Apá kejì, omi ṣì dúró, lékeléke tò sínú rẹ̀.

Etí kánáà yẹn náà ni dágunró ń gbé. Àwọn ará ibí ń pè é ní tsidau, àmọ́ orúkọ tiwa ló bá a mu jù, torí ó dá tèmi ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí èso rẹ̀ bá gbẹ, ó máa ń pín sí márùn-ún, ẹ̀gún líle méjì á wà lára ìkọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó ṣubú sílẹ̀, ọ̀kan á kọjú sókè. Ó kún ibi tí koríko ti pàdé ilẹ̀ pupa, nítorí náà ojú ipa táyà mọ́tò ni kí ẹ máa tọ̀, àárín. Tí táyà bá jò, ẹ má kàn lẹ túùbù kí ẹ dá a padà. Ẹ fi aṣọ nu inú táyà yípo, aṣọ á há síbi tí ẹ̀gún kù sí. Ẹ má fi ìka ṣe é. Ẹ ha túùbù, ẹ fi sọlúṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 5 kó gbẹ kí ẹ tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Tutù ni mo lẹ tèmi nígbà àkọ́kọ́ torí oòrùn ń pa mí, kò dé ìdajì kìlómítà tó tún jò. Nísinsìnyí, mo la túùbù àtijọ́, mo fi tẹ́ inú táyà ẹ̀yìn. Ó wúwo díẹ̀, àmọ́ mi ò tíì lẹ tẹ̀yìn mọ́.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni atẹ́gùn. Ìlà oòrùn àríwá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó wà lẹ́yìn mi ní àlọ, mo sì rò pé agbára mi ni. Bí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀ ló ń le, bí aago 9 sí 10, àsìkò tí mo ṣẹ́rí padà gẹ́lẹ́. Títí dé Na'ibawa, ojú ni mo fi gbà á, eruku kún imú, omi lítà 3 tí mo gbé tán kí n tó wọ̀lú. Báyìí, aago 8 ni mo máa ń yí padà, ibi yòówù kí n dé.

Táyà 635 méjèèjì ṣì wà lókè àjà. Ẹni tó bá ní Raleigh àtijọ́ ní Kánò, wọ́n mọ́ tónítóní, mi ò tíì fi wọ́n rin kìlómítà kan.