Àwọn Àṣìṣe tí Mo Ń Rí Lọ́dọ̀ Àwọn Onígbàgbọ́ tí Ọ̀la Ń Bà Lẹ́rù

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe ní ìjọ wa ní Kubwa: mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo sì jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nítorí náà, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ìgbàgbọ́ àti ohun tí wọ́n ń fi owó wọn ṣe ń dé etí mi ní ọjọ́ kan náà, àwọn méjèèjì kì í sì í sábà jọra. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, ìbẹ̀rù ti gba ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Abuja àti agbègbè rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Owó ilé ọdún kan gbáko tí onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ohun tí ó lè lé oorun kúrò lójú ènìyàn. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni bí a ti ń fi owó tí a kò ní ra ohun tí Ọlọ́run kò tà.

Àṣìṣe kìíní ni ríra àsọtẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́ jù. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, pátákó ìpolówó ìsìn àìsùn ìparí ọdún yóò ti tò láti Nyanya títí dé Mararaba, láìpẹ́ sí i ni fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tí ó ti Òṣogbo dé, tí ó ń ṣe iṣẹ́ onígbà díẹ̀ káàkiri, kọ “òwò” sí ibi tí a ti ní kí ó sọ ìdí tí ó fi fẹ́ yáwó. Mo bi í pé, “Àbúrò, irú òwò wo ni?” Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Bàbá kan ni ó ní kí n wá gbin irúgbìn kí ọdún tó parí, kí wọ́n lè rí ọ̀nà mi dáadáa.” Mo béèrè bóyá bàbá náà tún rí iye oṣù tí yóò fi san ẹ̀yáwó ọ̀hún. Kò dáhùn. Ìyàwó mi tí ó jókòó nítòsí ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé ohùn mi ti ń bo ti àwọn akọrin mọ́lẹ̀.

Ó ṣe mí bíi kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbin irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ka orí 28 ìwé Jeremáyà. Hananáyà, wòlíì ará Gíbéónì, dìde nínú ilé Olúwa, lójú àwọn àlùfáà àti gbogbo ènìyàn, ó kéde pé kí ọdún méjì tó pé, ohun èlò tẹ́ḿpìlì tí ọba Bábílónì kó lọ yóò padà, àwọn ìgbèkùn náà yóò sì padà. Ó bọ́ àjàgà igi tí Jeremáyà gbé kọ́rùn gẹ́gẹ́ bí àmì ìsìnrú lábẹ́ Bábílónì, ó sì ṣẹ́ ẹ lójú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ní ìlú wa ni, ta ni ìbá jókòó? Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín, ó ní kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ọ̀tá ìròyìn ayọ̀. Ṣùgbọ́n Hananáyà kò rí òpin ọdún náà, oṣù keje ni ó kú, ìgbèkùn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Orí tí ó tẹ̀lé e gan-an, níbi tí lẹ́tà Jeremáyà sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì wà, ni a ti yọ ẹsẹ tí ó wà lẹ́yìn gbogbo kẹ̀kẹ́ NAPEP àti lórí gbogbo kàlẹ́ńdà, èyí tí Ọlọ́run ti sọ pé òun mọ èrò tí òun ń rò sí wọn, èrò àlàáfíà. Ẹsẹ kọkànlá ni. Ẹsẹ kẹwàá, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà, sọ pé ó di ìgbà tí ọdún 70 bá pé ní Bábílónì. Ẹni tí ó ti pé ọmọ ogójì ọdún nígbà tí a ka lẹ́tà náà sí i létí mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò padà, bí kò ṣe àwọn ọmọ òun. Ẹsẹ kẹjọ sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn wòlíì àti àwọn aláfọ̀ṣẹ tí ó wà láàárín wọn tàn wọ́n jẹ. Mo ti rí ẹni tí ó fi ẹsẹ kọkànlá náà gan-an gba owó lọ́wọ́ opó, tí kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó ka ẹsẹ mẹ́ta péré sẹ́yìn.

Àṣìṣe kejì wà nínú lẹ́tà kan náà. Ọlọ́run ní kí àwọn ìgbèkùn kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́ aya, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ. Ẹ wo àwa náà ní Abuja. Mo lọ kí arákùnrin kan ní Lugbe, mo bá sítóòfù rẹ̀ nínú páálí tí ó ti rà á, ibùsùn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí àga tí mo lè jókòó lé, nítorí pé a ti sọ tẹ́lẹ̀ fún un pé Kánádà ni yóò ti jẹun ọdún tí ń bọ̀. Ó ti ń gbọ́ “ọdún tí ń bọ̀” yìí tipẹ́. Kò mọ orúkọ Gbagyi, ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n jọ ń lo kànga kan náà. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìrìn àjò, ọmọ tèmi náà ń wá físà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbé ibi tí ó wà kò lè sọ pé ọkàn òun balẹ̀ lórí ibi tí òun ń lọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àlá kí ẹ tó rọ́ àlá náà fún ìyàwó yín.

Àwọn kan tún gbà pé ẹni tí ó bá ń ṣètò, tí ó ń tọ́jú ìwé, tí ó sì ń béèrè ẹ̀rí, kò nígbàgbọ́. Jeremáyà yìí kan náà ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, tí òun fúnra rẹ̀ sì wà ní àhámọ́, ó ra oko kan ní Ánátótì ní ṣékélì fàdákà 17, láti fi hàn pé a ó tún ra ilé àti oko ní ilẹ̀ náà. Kò sí ìgbàgbọ́ tí ó ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó wọn fàdákà lórí òṣùwọ̀n, ó ṣe ìwé onídìdì àti èyí tí a ṣí sílẹ̀, ó sì ní kí Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ kó o sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Àwọn tiwa ta òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ kan kí wọ́n tó ránti láti wádìí ìwé rẹ̀ ní AGIS, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ilẹ̀ náà ti ní olówó, wọ́n sì wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹgbẹ́ lè dá wọn sílẹ̀ nínú ẹ̀yáwó. Rárá o.

Ẹ má ṣe ka “ẹ má ṣe àníyàn nítorí ọ̀la” sí etí ẹni tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ dé láti iléèwé nítorí owó, àyàfi bí ẹ bá mú owó dání.

Àṣìṣe tí ó kù ni ayọ̀ àfipáṣe. Èmi ni kò yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀yàyà, nítorí ìyàwó mi sọ pé bí mo bá ń darí orin ayọ̀, ojú mi a dà bíi ti ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ayọ̀ kì í ṣe. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìyá kan nínú kíláàsì wa kò tíì gbúròó àbúrò rẹ̀, ẹnì kan sì sọ fún un pé ẹkún jẹ́ àìgbàgbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo fi Bíbélì mi lu tábìlì. Nínú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tí ó fi kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo. Kò mọ̀ bóyá wọn yóò pa á ni tàbí wọn yóò dá a sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà ayọ̀ kan náà ni ó ti sọ pé bí Epafuródítù, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, bá kú nínú àìsàn rẹ̀, ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́ ni ìbá jẹ́ fún òun. Ó tún sọ pé òun kọ́ bí a ti ń ní ìtẹ́lọ́rùn, yálà nínú ebi tàbí nínú àyó. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ní láti kọ́, ẹ̀yin ń bínú sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ pé kò tíì mọ̀ ọ́n.

“Ayọ̀ Olúwa ni agbára yín” tí a máa ń pariwo náà, àwọn tí wọ́n ń sunkún ni Nehemáyà sọ ọ́ fún, kí ó sì tó dé orí gbólóhùn yẹn ni ó ti ní kí wọ́n lọ jẹ ọ̀rá, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì fi ìpín ránṣẹ́ sí àwọn tí kò ní. Ìdí nìyẹn tí kíláàsì wa fi ń ṣe oúnjẹ ní oṣù kìíní, nígbà tí owó oṣù kejìlá ti tán lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tí a sì ń pín in láti ilé dé ilé, yálà àwọn onílé ń wá sí ìjọ wa tàbí wọn kò wá. Kálukú ni ó ń gbé ohun tí agbára rẹ̀ bá ká wá. Ọkùnrin kan wà tí ó ní ọkọ̀ méjì, omi inú ọ̀rá nìkan ni ó sì máa ń gbé wá. A ti bá a sọ̀rọ̀.