Gọ́tà tí kò lórúkọ: bí ẹ ṣe lè kọ omi àdúgbò yín sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ ọ́n

Ẹ tẹ "ona" sórí fóònù yín láìfi àmì kankan sí i. Kí lẹ tẹ̀ yẹn? Odò tó gba Ìbàdàn kọjá ni, àbí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà, àbí ọnà tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ sára òpó? Àwa tí à ń gbé nítòsí odò náà mọ èyí tí à ń wí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, ohun tí kò bá sì mọ̀, kò lè bá wa kà á.

Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ìkàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn. Ìwé méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Iṣẹ́ mi ni kí n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ọmọ tó ń wá èyí má baà gbé ìyẹn lọ. Ọdún tí àgbàrá wọ pálọ̀ mi, tó kó bàtà àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú yẹn wo gọ́tà. Mo lọ sípàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, mo ní gọ́tà ti dí. Bàbá alága ní, "Gọ́tà wo nínú gọ́tà, Ìyá Tóyìn?" N ò rí èsì fún wọn. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹsẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò dá tán, kó tó bíi wákàtí kan, nígbà tí omi ṣì wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ má ṣe wọ inú omi tó ń sáré, bó ti wù kó kéré tó lójú yín. Ibi tí omi kún sí kọ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ bá gọ́tà náà lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí ohun tó dá omi dúró. Nílé tiwa, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lomi ti ń kún, ṣùgbọ́n ihò abẹ́ títì tó dí jìnnà síbẹ̀ tó ilé mẹ́fà. Ẹ ṣí ètò tó ń mú kí fóònù mọ ibi tó wà, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, kí àyè ibẹ̀ lè wọ inú fọ́tò náà. Ẹ má ya ojú èèyàn mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ sì béèrè orúkọ. Èyí ṣe pàtàkì lọ́kàn mi ju fọ́tò lọ. Mo rò pé nítorí ìyá tó ń ta ògì lẹ́bàá ibẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe gọ́tà kan ní gọ́tà ọlọ́gì. Ìgbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi, orúkọ yẹn ti wà kí n tó délé ọkọ." Irú orúkọ báyìí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan, bí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n bá sì ti lọ, ó parí.

Ẹ dé ilé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì, ohun kan sí ìlà kan: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè é, ibi tó wà, ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i, ohun tó dí i. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣi iṣẹ́ ṣe nìyí: lọ́jọ́ kan màá kọ "gọ́tà", lọ́jọ́ kejì "ojú àgbàrá", lọ́jọ́ kẹta "kòtò omi", ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ kà wọ́n, ibi mọ́kànlá di ibi ogún. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan kan, kẹ́ ẹ má yẹ̀ lórí rẹ̀. Gọ́tà ni mo ń pe èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, ojú àgbàrá ni èyí tí omi fúnra rẹ̀ gbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó dí i. Ẹ má kàn kọ "ìdọ̀tí". Bó bá jẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike ló dí i, ọ̀rọ̀ àwa tí à ń dalẹ̀ síbẹ̀ ni, àti ti ọkọ̀ akólẹ̀ tí kì í wá. Bó bá jẹ́ iyanrìn, ẹ gbójú sókè: ẹnì kan ń kọ́lé lórí òkè, tàbí títì tí wọn ò da ọ̀dà sí ló ń ṣàn wá. Kíkó iyanrìn láìbá ẹni tó dà á sétí títì sọ̀rọ̀, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni. Ìyá mi máa ń gbá gọ́tà kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí ẹ̀rù wolé-wolé, tó ń mú ìwé kékeré kan rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ìwé yẹn ni mò ń wá padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Tim Berners-Lee tó dá web sílẹ̀ ní 1989, òun àti àwọn méjì kan kọ̀wé ní 2001 nípa ohun tí wọ́n pè ní semantic web: web tí kọ̀ǹpútà á ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí, kì í ṣe lẹ́tà rẹ̀ nìkan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ gbé e ka ààrò mẹ́ta. Ògùnpa, jẹ́, odò. Ògùnpa, wà ní, Ìbàdàn. Ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó ṣe tan mọ́ òmíràn, àti òmíràn náà. Lẹ́yìn náà, ààrò kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà, kí a má baà ṣì í mú.

Ìdí tó fi yẹ ní Ògùnpa gan-an nìyí. Odò ni, àdúgbò ni, ọjà tún ni. Ní August 31, 1980, odò náà kún kọjá ààlà, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Omiyalé la ṣì ń pe ìjàǹbá náà dòní. Ní August 26, 2011, omi tún ṣọṣẹ́ n'Íbàdàn, ẹ̀mí tó lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣa gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa odò náà jọ, iye owó tòmátì l'Ọ́gùnpa á dà pọ̀ mọ́ ọn, àyàfi bí nọ́ńbà odò bá yàtọ̀ sí nọ́ńbà ọjà.

Ibi méjì ni mo ń kọ nǹkan sí. Àkọ́kọ́ ni OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sí, tó ti wà láti 2004. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ wá àdúgbò yín, ẹ tẹ Edit, ẹ fa ìlà gọ́tà náà láti òkè lọ sísàlẹ̀, bí omi ṣe ń ṣàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì tó ń sọ irú ohun tí ìlà náà jẹ́ (tag ni wọ́n ń pè é) sí i. Gọ́tà sìmẹ́ńtì ni waterway=drain; èyí tí wọ́n gbẹ́ láìfi sìmẹ́ńtì ṣe é ni waterway=ditch; ibi tó bá gba abẹ́ títì, ẹ fi tunnel=culvert kún un. Ẹ kọ orúkọ tí ìyá ọlọ́gì sọ fún yín síbẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "ó ti dí" síbẹ̀. Ohun tó ń pẹ́ nílẹ̀ ni àwòrán náà ń gbà. Dídí wà fún tábìlì yín.

Ìkejì ni Wikidata, àkójọ ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, níbi tí odò ti ń gba nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q. Gọ́tà ọlọ́gì kò yẹ níbẹ̀. Odò, adágún, ọjà ńlá, àwọn ohun tí ìwé ti mẹ́nu bà, ló yẹ. Ẹ kọ́kọ́ wá a, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kẹ́ ẹ má baà bí ìbejì fún odò kan. Bó bá ti wà, ẹ fi orúkọ Yorùbá rẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ kọ èyí tí kò lámì sí àyè orúkọ mìíràn, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ààrò mẹ́ta yín. Nọ́ńbà ààrò àárín, èyí tó ń so méjì yòókù pọ̀, ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P: P31 ni "jẹ́ ọ̀kan lára", P17 ni orílẹ̀-èdè, P625 ni àyè rẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé, P403 ni ibi tó ń ṣàn sí. Ẹ tọ́ka sí ibi tẹ́ ẹ ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da nǹkan kọ láti Google Maps sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ má sì kó ti OpenStreetMap sínú Wikidata, torí àṣẹ ìlò wọn yàtọ̀ síra. Ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ kọ. Kẹ́ ẹ sì má kọ orúkọ onílé kankan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ àwọn odò Nàìjíríà tó ti wà níbẹ̀, ẹ lọ sí query.wikidata.org, kẹ́ ẹ tẹ èyí:

SELECT ?odo ?odoLabel WHERE {
  ?odo wdt:P31 wd:Q4022 ;
       wdt:P17 wd:Q1033 .
  SERVICE wikibase:label { bd:serviceParam wikibase:language "yo,en". }
}

Ohun tó ní àmì ìbéèrè ni àyè tó ṣófo tí kọ̀ǹpútà máa wá nǹkan dí. Q4022 ni odò, Q1033 ni Nàìjíríà. "yo,en" ń sọ pé kó fún wa ní orúkọ Yorùbá, bí kò bá sì rí i, kó mú ti Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti rí "River" lẹ́yìn orúkọ odò tí àwọn baba wa sọ lórúkọ, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún yín nìyẹn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bó ṣe pọ̀ tó. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í.

Mo padà sípàdé pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo: nọ́ńbà 7, gọ́tà ọlọ́gì, iyanrìn, ó dí lẹ́ẹ̀mẹta nínú òjò mẹ́rin, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tó fi ibẹ̀ hàn. Bàbá alága gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ní, "Ta ló da iyanrìn sókè yẹn?" Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó ń kọ́lé náà kó iyanrìn rẹ̀ wọ inú ọgbà, tó fi búlọ́ọ̀kù yí i ká.

Bí òjò bá tún rọ̀, ẹ padà síbi kan náà, kẹ́ ẹ kọ ìlà tuntun. Ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́, torí òun ló máa sọ bóyá nǹkan yí padà. Ohun tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí: nọ́ńbà 7, omi ń lọ. Nọ́ńbà 4, ọ̀rá, ó ṣì dí.