Ìwé Ìpolówó Ń Kún Ilé: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn

Tánkè ní Ìlọrin ni mò ń gbé. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí n má bá ìwé ìpolówó lábẹ́ géètì: ti ilẹ̀ títà, ti ilé ẹ̀kọ́, ti agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kí ni mo lè ṣe?

Ìmọ̀ràn tí ẹ máa kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ DMAchoice, tí ń bá àwọn tí kò fẹ́ ìwé ìpolówó dín in kù. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí ìwé ìpolówó ti ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wọlé. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ló ń há tiwa, nítorí náà ẹnu géètì ni ẹ ti máa dá a dúró. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, a kì í gba ìwé ìpolówó.” Ẹ bá mẹ́gáàdì náà sọ̀rọ̀, torí àánú ọmọ tó ń pín in ló máa ń mú kó gbà á. Èyí tó bá ṣì wọlé, nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀. Ẹ pè é. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni o. Ẹ kàn sọ pé ní àdúgbò yín, inú ìdọ̀tí ni ìwé náà ń lọ. Bí ojúlé mẹ́ta-mẹ́rin bá sọ ohun kan náà fún oníṣòwò, á ro owó tó ń san fún àwọn atẹ̀wé.

Pósítà olóṣèlú nìkan ni ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ dáadáa kí ẹ tó bó o, kó má bàa ká ọ̀dà ògiri yín lọ.

Ti báńkì ńkọ́? Wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n tún ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dà mí láàmú.

Ẹ ní kí wọ́n máa fi àkọsílẹ̀ owó yín ránṣẹ́ sí ímeèlì. Ti ìpolówó, òfin ìdáàbòbò détà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà yín polówó ọjà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe bébà, ṣùgbọ́n ẹ ti béèrè: ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, gbogbo rẹ̀ á dúró. Bí ẹ bá fẹ́ yan irú èyí tó ṣì lè wọlé, HELP ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà.

Pàkátà ni ilé wa. Tímtábù Ramadan, káàdì wòlímọ̀, ìwé wáàsí, gbogbo wọn ló ní ẹsẹ Àlùkùránì lára. Mi ò lè jù ú sí ààtàn. Àpò Ghana-must-go méjì ti kún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Àlàájà, ẹ ṣeun tí ẹ ò jù ú. Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí, torí kò sí ilé kan ní Ìlọrin tí kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè jó o. Nígbà tí Sàyídínà Úsímánù, kálífà kẹta lẹ́yìn Ànábì, kó Àlùkùránì jọ sí ẹ̀dà kan, ó pàṣẹ kí wọ́n jó àwọn yòókù. Ó wà nínú ìwé hádíìsì tí Ìmáàmù Bùhárí kó jọ. Ẹ jó o níbi tó mọ́ títí yóò fi di eérú, kí ẹ sì ri eérú náà mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ Hánáfì, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà òfin Ìsìláàmù, fẹ́ràn kí a fi aṣọ mímọ́ dì í, kí a rì í síbi tí ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni fífọ̀, bí a ti ń fọ wàláà. Ṣùgbọ́n tàdáwà wàláà ló ń gbọ́ ti omi. Ti ìtẹ̀wé kò gbọ́. Ẹ bi alífáà yín èyí tó bá ọkàn yín mu.

Ohun tó máa dín iṣẹ́ kù ni sísọ́ọ̀sì. Nínú káàdì tó fẹ̀ tó àwo, ẹsẹ Àlùkùránì lè má ju ìlà kan lọ. Ẹ gé ibi tí ó wà àti ibi tí orúkọ Ọlọ́hun wà, ẹ kó ìwọ̀nyẹn sọ́tọ̀. Ìyókù ti di bébà lásán. Àpò méjì yẹn á wọ inú ike kékeré kan.

Ẹ tún bá ìgbìmọ̀ mọ́sálásí sọ̀rọ̀. Tímtábù kan gbàgàdà lára ògiri mọ́sálásí, òmíràn lórí WhatsApp, ó tó. Èmi ò rí ìdí tí ilé kan fi ń gba mẹ́fà.

Ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó ní Ọ̀ffà. Ṣé kí n má tẹ káàdì rárá ni?

Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún àwọn àgbà, ọba, ìjòyè àti àwọn àna. Baba tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kò ní ka ti WhatsApp sí ìpè. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín ò nílò bébà.

Mò ń to páálí àti ìwé àwọn ọmọ jọ sí igun ilé ní Òmù-Àrán. Ikán ti wọ̀ ọ́.

Igun ilé gan-an ni ikán ti ń gòkè. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, sórí pákó tó lẹ́sẹ̀, kó jìnnà sí ògiri. Páálí gbígbẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ dè é. Àwọn tó ń ra páálí kì í fẹ́ èyí tí òjò ti pa. Èyí tí ikán ti jẹ, ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ èèpo iṣu àti ewé tútù fún ajílẹ̀, lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún. Bébà tó ń dán ò gbọdọ̀ bá a lọ, torí àwọn kan nínú wọn ní náílọ́ọ̀nù lára.

Ṣé mo lè fún alákàrà ní ìwé àtijọ́ àti rìsíìtì POS?

Rárá. Epo àkàrà máa ń fa tàdáwà sínú oúnjẹ, ẹ̀dà ìwé báńkì yín sì lè di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ní ọjà Ìpàtà. Ẹ ya ibi tí nọ́ńbà àkáǹtì wà kí ó tó kúrò nílé. Rìsíìtì POS ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ kó dúdú bí ooru bá kàn án. Kò yẹ fún oúnjẹ, kò yẹ fún ajílẹ̀, kò sì yẹ kó bá páálí lọ. Inú ìdọ̀tí ni tirẹ̀. Bí ẹ bá nílò ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ó máa ń parẹ́. Bí ẹ ò bá nílò rẹ̀, ẹ sọ fún oní-POS kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.