Omi Ẹ̀rọ Ń Rùn? Ẹ Gbé Ife Kan Bọ́ Síta Ná

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú ìfaradà omi o. Kẹ́ ẹ tó pe púlọ́mbà, kẹ́ ẹ tó máa wá owó tí wọ́n fi ń fọ bọ́hóòlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi sínú ife tó mọ́, ẹ kúrò nídìí síǹkì pátápátá, ẹ bọ́ síta, kẹ́ ẹ wá gbóòórùn ẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kan báyìí, kíṣìnnì wa l'Ọ́bántokò ń rùn bí ẹyin òbu, gbogbo ilé ti gbà pé bọ́hóòlù ló bàjẹ́, mo pe ẹnì kan, ó gbé ẹ̀rọ wá, ó fọ̀ ọ́ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó gbowó gidi lọ́wọ́ mi, kó tó di ọjọ́ kejì òórùn ti padà dé. Àbúrò ìyàwó mi tó wá kí wa ló bu omi láti mu, fóònù ẹ̀ dún, ó gbé ife lọ síta, ló bá ní, "Bọ̀dá, omi yìí ò mà rùn o, síǹkì yín ló ń rùn." Òótọ́ ló sọ. Òróró àti èérún oúnjẹ ló ti dì sínú kọ́nà páìpù abẹ́ síǹkì, a tú u, mo fọ̀ ọ́ fúnra mi, ó parí síbẹ̀. Owó bọ́hóòlù yẹn ṣì ń dùn mí.

Nǹkan míì tún wà tó máa ń tan èèyàn: tẹ́ ẹ bá ti wà nínú òórùn ẹyin òbu fúngbà díẹ̀, imú yín ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tìta dé ni kẹ́ ẹ ní kó gbọ́ ọ wò, kì í ṣe ẹni tó ti ń fọ abọ́ látàárọ̀.

Ibo ló ti ń wá?

Tó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń rùn, ọ̀rọ̀ ò kan bọ́hóòlù, ìdí ẹ̀rọ yẹn ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Bálùwẹ̀ àlejò tẹ́nikẹ́ni kì í wẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Omi tó máa ń dúró nínú kọ́nà páìpù ilẹ̀ ló ti gbẹ, òórùn sokáwéè wá ń gbabẹ̀ wọlé, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan tẹ́ ẹ bá dà síbẹ̀ ti tó. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan, hítà ni. Irin kan wà nínú ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara ẹ̀ dógùn-ún, máńgínísíọ́mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, òun àti kòkòrò tójú ò rí ni wọ́n jọ ń mú òórùn yẹn wá, ẹ ní kí púlọ́mbà pààrọ̀ ẹ̀ sí irú míì.

Tó bá wá jẹ́ gbogbo ilé, ẹ lọ bu omi nídìí bọ́hóòlù tàbí kànga gan-an, kó tó wọ tánkì. Tí tibẹ̀ ò bá rùn, ẹ gòkè lọ ṣí tánkì yín. Ọmọńlé, aláǹgbá, eku, mo tiẹ̀ ti rí ẹyẹ rí. Ìdérí tí atẹ́gùn gbé tì ni wọ́n ń gbà wọlé, àti páìpù tí omi ń gbà dà nù tó bá kún. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì di ẹnu páìpù yẹn, kò wọ́n.

Irú òórùn wo ni?

Tó bá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi tí oòrùn ń pa ló sábà máa ń fà á, inú odò ni o, inú tánkì tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ ni o. Tó bá ń rùn bíi bùlíìṣì, kúlórínì tí wọ́n fi pa kòkòrò ni, ẹ bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ò ní ìdérí mọ́jú, á fò lọ. Tó bá ń rùn bí irin, ẹ bù ú sínú abọ́ funfun dàárọ̀ ọjọ́ kejì: tí nǹkan pupa bíi yẹ̀pẹ̀ bá jókòó sísàlẹ̀, irin ló pọ̀ nínú ẹ̀. Òṣùwọ̀n Nàìjíríà ni pé kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Kì í ṣe ohun tó ń pani lójú ẹsẹ̀, àmọ́ á ba aṣọ funfun jẹ́, tíì yín á dúdú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rẹ láfún tàbí ọ̀gì mọ bó ṣe ń pàwọ̀ dà. Ẹ jẹ́ kó máa já láti òkè bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù kó lè gba atẹ́gùn, kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ rọra bu òkè ẹ̀. Ìjálẹ̀ látòkè yìí máa ń dín òórùn ẹyin òbu náà kù.

Èyí tí mò ń bẹ̀rù ni òórùn ṣalángá. Orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́, òkúta la wà, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ẹ gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ ẹ ti kan àpáta, omi á wá máa gba ojú ibi tó ti sán. Wọ́n ní kí kànga àti sokáwéè jìnnà síra wọn tó mítà 30, ó dáa, ṣùgbọ́n nílùú òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi tiwa, ẹ tún gbójú sókè: sokáwéè ti yín lè jìnnà kó jẹ́ ti ará ilé òkè ló ń ṣàn bọ̀ wá bá kànga yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo omi ìjọba tó ń wá láti Arákàngà, páìpù míì ń gba inú gọ́tà kọjá, tí omi bá lọ, agbára inú páìpù á dínkù, ibi tó ń jò á fa ìdọ̀tí wọlé. Nítorí náà, tómi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má darí ẹ̀ sínú tánkì lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ ṣàn lọ. Omi tó bá ń rùn bí ìgbẹ́, ẹ má mu ún, kó má lọ fa onígbáméjì sílé. Tí kò bá sí òmíràn, ẹ sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Álọ́ọ̀mù ò pa kòkòrò o, ńṣe ló kàn ń jẹ́ kó mọ́ lójú.

Bẹntiróò tàbí kẹrosíìnì ńkọ́? Ẹ má sè é, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ pa á tì, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti ń jò.

Fífọ tánkì

Ẹ da omi inú ẹ̀ nù tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha nǹkan tó ń yọ̀ lára ẹ̀, ẹ ṣàn án. Ẹ má dá wọnú tánkì ńlá láìsí ẹni tó dúró tì yín lẹ́nu ẹ̀. Ẹ tún kún un, kẹ́ ẹ da bùlíìṣì tí kò ní lọ́fíńdà sí i: tí wọ́n bá kọ 3.5% sára ẹ̀, lítà kan ààbọ̀ fún 1,000 lítà omi, tó bá jẹ́ 5%, lítà kan. Ẹ ṣí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí tẹ́ ẹ fi máa gbóòórùn bùlíìṣì níbẹ̀, ẹ tì í, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ wá dà á nù, ẹ tún omi pọ̀n títí òórùn fi lọ. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́, èéfín ẹ̀ ń pani. Ẹ kọ déètì sára tánkì.

Ẹ̀yin ọlọ́sìn, ibi tọ́rọ̀ ti kàn yín nìyí. Omi irin máa ń dí ẹnu ibi tí adìyẹ ti ń mumi, omi tó bá sì ń rùn, wọ́n á mu kékeré, ẹyin á dínkù. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Lasota, ìyẹn àjẹsára àrùn Newcastle tó ń pa adìyẹ, sómi, omi tó ní kúlórínì á pa àjẹsára yẹn, ẹ ò ní mọ̀, ẹ̀ ń rò pé ẹ ti dáàbò bo adìyẹ yín. Omi kànga tó mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, tàbí kẹ́ ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀ sí i, bíi gíráàmù méjì ààbọ̀ fún lítà kan, kẹ́ ẹ tó fi àjẹsára sí i. Ẹja àrọ̀ ò lè fara da kúlórínì rárá, omi tẹ́ ẹ dà nù lára tánkì, ẹ má jẹ́ kó ṣàn kan ọ́gbun ẹja yín.